Orin tí mo ní áńgẹ́lì ló fún mi

Ìdí ààrò tí mo ti ń yan ẹja ní Addo ni mo ti ṣẹ̀dá orin náà, mo ń tún un ṣe lẹ́nu títí ó fi dùn. Ṣùgbọ́n ní ìjọ aláṣọ funfun tiwa, obìnrin tí kì í ṣe akọrin kò lè dédé gbé orin wá, àfi tó bá gbà á lójú ìran. Ni mo bá purọ́. Mo kọ ọ́ níwájú ìjọ, mo ní áńgẹ́lì ló kọ́ mi lójú oorun. Ẹnì kan fi fóònù gbà á sílẹ̀, tòun ti ẹ̀rí tí mo jẹ́.

Kò pẹ́ tí olórin kan ní Ìkátẹ fi gbé e jáde, gbogbo ayé sì ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Ọmọ ọmọ mi ní ká lọ béèrè ẹ̀tọ́ mi. Mo mú alàgbà ìjọ wa dání, kí wọ́n má baà fojú di wá.

Olórin náà dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà á lórí fóònù, ìwọ̀nba ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tiyín, a ó jọ pín in. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀dá ẹ̀, àbí áńgẹ́lì?"

Alàgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé Màmá wa á jí ẹrù ọ̀run ni?"

Ọmọ ọmọ mi ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ro ti ìjọ tí mo ti darúgbó sí, tí yóò sin mí tí mo bá kú.

Mo ní, "Áńgẹ́lì ni."

Olórin náà dúpẹ́, ó ní kí n bá òun bẹ áńgẹ́lì náà fún òmíràn.