Ọjọ́ Tí Wọ́n Fa Omi Lẹ́yìn Mi

Ojú ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ ṣú. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà tí mo ti ń tajà ní Deira, nílẹ̀ Lárúbáwá, oníbàárà kan na ìgò sí mi, àfi bíi pé inú kùrukùru ni ìgò náà wà. Ojú yẹn là padà, àmọ́ ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri.

Dókítà tó rí mi ní Al Majaz, ní Sharjah, ní kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ mi, ó sì fi àwọn ojú ibi funfun hàn mí nínú rẹ̀. Ó fura sí àrùn tí wọ́n ń pè ní multiple sclerosis, tí ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara fi ń ba awọ tó bo iṣan inú ọpọlọ jẹ́. Kó lè dá a lójú, ó fẹ́ fa omi díẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn mi.

Ẹkún ni mo sun délé. Ohun tí mo gbọ́ láti kékeré ni pé ẹni tí wọ́n bá gún lẹ́yìn kì í rìn mọ́. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tí a jọ ń gbé yàrá ní Hor Al Anz, tó ń fọṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ní kí n nu ojú.

"Ta lo mọ̀ tí wọ́n gún tí kò rìn mọ́?"

Mo fi etí aṣọ mi nu ojú.

"Khalas, ó tán. A jọ ń lọ ni."

Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí n ká orúnkún mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì gbà kí ẹ̀gbọ́n jókòó níwájú mi. Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ojú ibẹ̀ kú ta mí. Lẹ́yìn náà, mo kàn ń mọ̀ pé wọ́n ń tẹ̀ mí lẹ́yìn ni.

"Lọ́fínńdà wo ni àwọn Lárúbáwá fẹ́ràn jù?" ẹ̀gbọ́n bi mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àsìkò ìyẹn nìyí?"

"Dá mi lóhùn jàre."

Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé oud, lọ́fínńdà tí wọ́n ń fi igi olóòórùn ṣe, fún wọn ni dókítà ti ní ó ti parí. Mo ti rò pé ẹ̀jẹ̀ ni màá rí nínú ìgò kékeré tó fa omi náà sí. Omi tó mọ́ gaara ni.

Orí fọ́ mi gan-an lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá tí mo bá dìde jókòó. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì la ń sùn lé, òkè ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún mi, orúnkún ń dùn wọ́n o, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n wá ń gun òkè.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n rí àmì kan nínú omi náà tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà ní tí òun bá pa á pọ̀ mọ́ àwòrán ọpọlọ, kò sí iyè méjì mọ́, a lè tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn. Mo tún sunkún, àmọ́ ọkàn mi fúyẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé orí mi ló ń dà rú.

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́, ìdí káńtà ni mo ń jókòó sí báyìí. Ooru máa ń tètè rẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n ti padà sílé, ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń pè mí déédéé.

"Ṣé o ti lo oògùn?"

"Mo ti lò ó, mà."

"Ṣé ò ń rìn?"

Mò ń rìn. Mo dúpẹ́, mò ń rìn.