Ọmọ Tí Mo Kọ̀ Láti Pọ̀n

Ẹ̀kọ ni ìyàwó mi ń rò ní òwúrọ̀ Sátidé náà, ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀. Mo ṣì rántí bí òórùn ògì ṣe gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, òórùn kíkan tó máa ń jáde kí omi gbígbóná tó pa á. Ó dúró ti sítóòfù lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ro ẹ̀kọ, ó fi ọwọ́ òsì gbá ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ oṣù méje, mọ́ ìbàdí. Ọmọ náà ń ké. Ọmọbìnrin wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin, jókòó sórí àpótí, ó ń fi ṣíbí lu abọ́ rẹ̀. Èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń máàkì ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tí mò ń kọ́.

"Dádì," ìyàwó mi pè mí, kò yí ojú padà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pọ̀n ọ́n díẹ̀. Orí yìí ò jẹ́ kí n gbádùn láti àná. Tí mo bá lè dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó máa lọ."

Mo rẹ́rìn-ín.

"Kí n pọ̀n ọ́n? Kí wọ́n wá máa pe èmi náà ní Ìyá Ìkókó nínú ilé yìí?"

Ó wò mí. Kò bínú, ó kàn wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọdé tó da omi sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ ọkùnrin yẹn lórúkọ," ó wí. Ó dín iná sítóòfù kù, ó bẹ̀rẹ̀, ó ju ọmọ sẹ́yìn, ó fi ọ̀já aláwọ̀ ewé rẹ̀ gbá a, ó gbọn ara lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún mú igi ìrokà rẹ̀. Kò pẹ́ ju ìgbà tí mo fi ka ìlà méjì nínú ìwé ọmọ kan. Ẹkún ti dá. Mo padà sídìí ìwé mi, inú mi sì dùn pé ilé pa rọ́rọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ìyá Ìkókó. Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé ní Bàrígà, yàrá márùn-ún dojú kọ márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan wà láàárín. Òpópónà wa dà wálẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láàárọ̀, òórùn ẹja yíyan á ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Èèyàn ò lè fi nǹkan kan pamọ́ níbẹ̀. Tó o bá sín nínú yàrá rẹ, ẹni tó wà ní yàrá kẹta á ní pẹ̀lẹ́. Káfíńtà kan ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ òkìrìkà, nítorí náà lọ́jọ́ tí ọjà bá wọlé dé, ọkùnrin náà á pọn ọmọ wọn, á sì máa fá pákó lọ. Mo máa ń rí i, mo máa ń mi orí.

Ní ọjọ́ Sunday kan tí àwa ọkùnrin ilé péjọ síwájú ilé nídìí lúdò, ó jáde wá tòun tọmọ lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè ju dáìsì tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo lọ yunifásítì nínú gbogbo wa. Ó yẹ kí n ní làákàyè. Ṣùgbọ́n mo dìde dúró, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí obìnrin, mo ní, "Ìyá Ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi o! Ṣé ọmú ń ṣàn dáadáa?" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára lọ́jọ́ náà. Ọmọdé ń pè é, ọmọbìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá ń pè é. Òun náà ń bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, a ò rí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ lọ ṣọ́ọ̀bù, nínú oòrùn, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Mo rí i. Ohun tí mo sì rò nígbà yẹn ni pé mo lẹ́nu, pé mo mọ̀ ọ́n sọ. Èmi kan náà ti kọ ìwé àṣekágbá ní Akọka lórí ipò obìnrin nínú ilé, àwọn olùkọ́ sì fún mi ní máàkì tó dára.

Ìyàwó mi ṣe iṣẹ́ ilé lọ ní Sátidé yẹn. Ó fún àwa méjèèjì lẹ́kọ mu, ó fọ ìlédìí, ó sá wọn, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ní ojú òun ń ṣú. Kí n tó gbé ìwé sílẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lé ògiri. Ìyàwó káfíńtà ló sáré dé, òun ló tú ọ̀já lára rẹ̀, òun ló gba ọmọ. Èmi dúró síbẹ̀, mò ń fa aṣọ níhìn-ín, mò ń fà á lọ́hùn-ún. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tú u. Káfíńtà wá bá mi gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbẹ́mìí mì ní ọsibítù.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti ń bá a jà lábẹ́lẹ̀ tipẹ́. Mo bi í bóyá ọmọ tó pọ̀n ló dá kún un. Ó ní rárá. Mo gbà á gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́ títí dòní. Ohun tó ń tì mí lójú kì í ṣe ohun tí dókítà lè dá mi lóhùn sí. Ìyàwó mi bẹ̀ mí ní nǹkan kékeré kan, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta, ó bá wa gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ náà ò gbà kí wọ́n tẹ́ òun sílẹ̀ lójúmọmọ. Tó bá ti jí, ẹ̀yìn ló fẹ́. Màmá, tí orúnkún ń dùn, ń pọ̀n ọ́n láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pè mí jókòó.

"Àna mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín o. Mo máa gbé kékeré lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lè dúró tì yín, ó ti ń lọ sílé-ìwé. Ṣùgbọ́n èyí, ta ló máa pọ̀n ọ́n?"

"Màmá, mo máa wá ẹnì kan."

"Ẹni wo? Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Mi ò fẹ́ kí ọmọ náà lọ. Tó bá lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ orí yẹn, mo mọ̀ pé àlejò ni màá jẹ́ sí i, ẹni tó ń gbé búrẹ́dì wá lópin oṣù. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: màá pọ̀n ọ́n. Kò jáde lẹ́nu mi. A fi àdéhùn sí Sátidé.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, Màmá ti di ẹrù ọmọ sínú báàgì, ó ti fa síìpù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ dágbére fún obìnrin ará ìlú wọn kan ní Fọlá Àgòrò, òun ò ní pẹ́. Ọmọ ń sùn nígbà tó jáde. Kò tíì dé ẹnu títì tí ọmọ fi jí.

Mo gbé e lápá. Mo fún un ní mílíìkì inú ike, ó ti ike náà dànù. Mo mi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn dé bẹ́ẹ̀dì, títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọbìnrin mi wà ní kọ̀rọ̀, ó fi áńkáṣíìfù mi àtijọ́ pọn bèbí rẹ̀ tí apá kan ti já. Ó ń wò mí.

"Dádì, ẹ̀yìn ló fẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá pọ̀n ọ́n nígbà yẹn."

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Háà!" Ó tú bèbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ó rọrùn, ẹ wo tèmi. Ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹ ti ga jù! Mọ́mì máa ń bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn wọn á fi rí bíi tábìlì."

Ọ̀já aláwọ̀ ewé náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú u; Màmá ń lo tirẹ̀. Kí n tó mú un, mo kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, mo fa kọ́tìnnì. Ìyàwó mi wà nínú ilẹ̀, ọmọ mi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mo ṣì fa kọ́tìnnì. Mo ń kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ọmọbìnrin mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń pariwo pé, "Ẹ dì í mú! Ẹ dì í mú!" Nígbà kejì, mo so aṣọ ga mọ́ àyà bí mo ṣe ń rí i tí àwọn obìnrin ń ṣe, ṣùgbọ́n bí mo ṣe nàró ni gbogbo rẹ̀ yọ̀ wá sí ìdí, tòun tọmọ. Iná ò sí, ooru ti mú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ń làágùn, ó ń ké. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju pé kí n ṣílẹ̀kùn.

Káfíńtà jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi fáìlì pọ́n ayùn. Ó gbójú sókè. Ó rí mi, tèmi ti singilẹ́ẹ̀tì, ọmọ ń rọ̀ dirodiro ní ìdí mi bí ẹrù tí wọn ò dì dáadáa. Mo dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti sọ ọ́.

Ó gbé fáìlì sílẹ̀.

"Tíṣà," ó wí, "ẹ ti so ó ga jù. Àwọn obìnrin ní nǹkan tó ń gbé e dúró lókè. Àwa ò ní. Ẹ mú aṣọ wá sábẹ́ àyà, kẹ́ ẹ wá fún ọ̀já mọ́ ikùn." Ó fẹ́ dìde. "Ṣé kí n bá yín so ó?"

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò."

Ó jókòó padà. Ó yí ara díẹ̀ sí ògiri, ó tẹjú mọ́ ayùn rẹ̀, ó sì ń pọ́n ọn lọ, kí n lè ṣe tèmi láìsí ojú ẹnikẹ́ni lára mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi tẹ́. Mo gbé ọmọ sí i, mo da aṣọ bò ó, mo so ó sábẹ́ àyà. Mo fi ọ̀já gbá a nídìí, mo fún un mọ́ ikùn. Mo nàró díẹ̀díẹ̀. Kò yọ̀ wálẹ̀. Mo gbọn ara lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ mí kanlẹ̀, ó sé òsúkè, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi láàárín èjìká. Itọ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára mi.

Ọ̀kan nínú àwọn onílúdò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. "Yéè! Tíṣà! Ìyá Ìkókó kejì!"

Káfíńtà ò gbórí sókè. "Ọmọ ń sùn," ó wí. "Rọra sọ̀rọ̀."

Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá. Ọmọ tí mo pọ̀n ti ga jù mí lọ, bàtà rẹ̀ ò sì ṣeé yá fún mi mọ́. Káfíńtà kó lọ sí Ìkòròdú kí n tó rí ẹnu tọrọ àforíjì. Mo ń sún un síwájú láti Sunday dé Sunday, títí yàrá rẹ̀ fi ṣófo. Lóṣù tó kọjá ni ọmọbìnrin mi bi mí léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe lọ́jọ́ ìkẹyìn. Mo sọ ti ẹ̀kọ fún un. Mo sọ bí òun náà ṣe ń fi ṣíbí lu abọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ohun tí ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí fún, mi ò sì sọ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kó lè kà á.

Ní Sátidé tí mo kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n yẹn, Màmá dé láti Fọlá Àgòrò, ó bá mi lórí ìdúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ọ̀já, ó mọ ẹni tó ni ín. Ó fi ìka kan tẹ aṣọ lábẹ́ ìdí ọmọ láti wò ó bóyá ó le.

"Ẹ jókòó, àna mi."

"Tí mo bá jókòó, ó máa jí, Màmá."

Ó wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ tó fa síìpù báàgì, tó ń kó aṣọ ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tú ọmọ sílẹ̀ tí kò fi ní jí, ojú sì tì mí láti béèrè. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi sun oorun rẹ̀ tẹ́rùn.