Gàrí Tí Ìyá Ìyàwó Mi Fún Ẹṣin Jẹ

Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́, ẹ kò sì jẹ̀bi. Bí ẹlòmíràn bá sọ fún mi pé ìyá ìyàwó òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gàrí rán orogún ọmọ rẹ̀ lọ sọ́run, àti pé olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan fi okùn fa orogún náà láti Ìgándò dé ọ̀nà Ẹgbẹ́dá lójú ayé, kí ó tó wọlé ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, èmi náà á ní kí ó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ó ṣojú mi kòró. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ẹṣin ni orogún tí mò ń wí, kí ẹ tó lọ pe ọlọ́pàá.

Abo ẹṣin ni. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ ní orogún, ó ní mo máa ń kí i láàárọ̀ kí n tó kí òun. Irọ́ ni. Àwọn méjèèjì ni mò ń kí, ẹṣin ló kàn máa ń tètè dáhùn.

Nígbà tí bàbá mi kú ní Ọ̀yọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín ilé, wọ́n pín oko, wọ́n wá wò mí títí, wọ́n ní, “Ìwọ lo kúkú kàwé ẹranko. Máa kó ẹṣin lọ.” Bí mo ṣe kó ẹṣin wọ Ìgándò nìyẹn, láàárín àwọn aládùúgbò tó ń sin adìyẹ. Èyí tí mò ń sọ yìí, ẹ̀yìn ilé mi ni ìyá rẹ̀ bí i sí, àtẹ́lẹwọ́ mi ló sì bọ́ sí. Àwọn àgbà ẹṣin tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti kú tán. Òun ló kù, òun àti akọ kan tí mo rà, akọ kì í sì í bímọ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ti lóyún. Bí ó bá lọ, ìran ẹṣin bàbá mi parí sí mi lọ́wọ́ nìyẹn, èmi tí mo kàwé ẹranko.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe ń pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Láàárọ̀ kùtù, mo ti wà létí odò tí mò ń gé koríko. Lẹ́yìn náà ni mo máa kó ìgbẹ́ ẹṣin, mo máa wẹ̀, mo máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àwọn máa ń gbóòórùn mi kí wọ́n tó rí mi. Ẹṣin ti jẹ ìwé ìdánwò kan mọ́ mi lọ́wọ́ rí níbi tí mo ti ń máàkì. Ọmọ tó ni ín ní kí n fún òun ní máàkì kíkún, ó ní bí kò bá dára, ẹṣin ò ní í jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè rárá, ti kì mí nílọ̀ tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìdánwò náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lábù, ó ní:

“Tíṣà, ẹni tó bá ń lé eku méjì á pòfo o.”

“Mà, ẹṣin ni mò ń lé, n ò lé eku.”

Kò rẹ́rìn-ín. “Ọ̀la ni ìdánwò práátíkà àwọn tó ń jáde. N ò fẹ́ gbọ́ ìtàn ẹṣin kankan.”

Mo ní ó ti yé mi, mà.

Ìyá ìyàwó mi sì ti wà nílé wa látọjọ́ mélòó kan. Ìlú wọn lápá Oǹdó ló ti wá, òun àti àpò gàrí ńlá kan. Èèyàn rere ni màmá, ó kàn jẹ́ pé kò lè rí ohun ẹlẹ́mìí kí ó má fún un lóúnjẹ ni. Nígbà tí mo jáde sẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà, òun ni mo bá nídìí ibùso ẹṣin, ó ń nu ọwọ́ sára ìró.

“Ọkọ wa, ẹ káàárọ̀. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, mo ti bá yín fún un lóúnjẹ.”

“Ẹ ṣeun, Màmá. Kí lẹ fún un?”

“Gàrí ni. Mo fún un dáadáa, torí oyún inú ẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì gbé omi garawa kan mu lé e lórí. Ó kúkú mọ̀ mí!”

Ta ni Yorùbá tí kò mọ ohun tí gàrí ń ṣe nínú omi? Ẹ̀kúnwọ́ kan ló ń di odidi abọ́. Mo wo inú ibùso. Ẹṣin mi ti ń làágùn. Ó ń fi pátákò wa ilẹ̀, ó ń yíjú wo ikùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń pè é láti inú ibẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì pé ẹṣin kì í bì. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu àpò oúnjẹ rẹ̀ tó jẹ́ pé wíwọlé nìkan ló mọ̀, kò mọ jíjáde. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú nawọ́, ó ní, “Sà, tó bá wá jẹ ohun tí kò dáa ńkọ́?” Mo ní, “Á bẹ̀rẹ̀ àdúrà.” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dún létí mi bí mo ṣe ń tẹ fóònù dókítà ẹran.

Ẹ̀yìn Ṣágámù ló wà. Ó ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó máa di ọ̀sán. “Ẹ má fún un lómi mọ́. Ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ o! Tó bá ti dùbúlẹ̀, á yí gbiiri, ìfun á lọ́ mọ́ ara wọn, ó parí nìyẹn. Ẹ máa mú un rìn. Ẹ sáà máa rìn.”

Màmá súnmọ́ mi. “Ọkọ wa, kí ló dé? Ṣé gàrí yẹn ni?”

“Rárá o, Màmá. Inú ló kàn ń run ún díẹ̀.”

Ìyàwó mi wò mí láti ojú fèrèsé. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Kò pè é ní orogún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo wá ro ó pé rírìn ni dókítà ní kí n mú un rìn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló sì yẹ kí n wà. Kí ló dé tí n ò lè rìn débẹ̀? Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, mo so okùn mọ́ ọn lẹ́nu, a gba títì lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ẹnu àwọn ará àdúgbò wa. “Bàbá, ẹ gùn ún ná! Ṣé ìyàwó ni tẹ́ ẹ fi ń dì í lọ́wọ́ mú?” Ọlọ́kadà kan dẹ̀rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé iléèwé lẹ̀ ń mú un lọ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìdánwò.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà. N ò bá a rẹ́rìn-ín. Níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ẹṣin mi dúró. Orúnkún iwájú rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ kírun. Mo fa okùn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pè é ní ìyá mi, mo pè é ní olówó orí mi, kò gbọ́. Níkẹyìn, n ò mọ ìgbà tí ohùn kíláàsì jáde lẹ́nu mi: “Dìde! Ta ló ní kí o jókòó?”

Ó dìde. Kódà, ẹnìkan nínú àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì náà dìde.

Ọ̀gá àgbà wà lẹ́nu géètì. Ó wo ẹṣin, ó wo bàtà mi, ó wá wo ojú mi.

“Tíṣà, ẹkún lẹ̀ ń sun?”

“Òógùn ni, mà.”

“Kí ló ṣe é?”

Mo sọ fún un. Mo ní kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ títí dókítà á fi dé. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Ìdánwò ò ní í dúró de ẹṣin o.”

“N ò ní kó dúró, mà.”

Lábù wa kò gba gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ìsọ̀rí méjì la máa ń pín wọn sí. Àwọn tí kò tíì kàn ni ó yí sí. “Ẹ̀yin! Ẹ gba okùn yẹn. Ẹ máa mú un yí pápá ká. Ẹni tó bá jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kó má wulẹ̀ wọ lábù mi.” Ó gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó tì wọ́n.

Bí mo ṣe lo òwúrọ̀ yẹn nìyẹn. Nínú lábù, mò ń wo àwọn ọmọ tó ń ya àwòrán kíndìnrín ewúrẹ́. Lójú fèrèsé, ẹṣin mi ń kọjá, ó ń kọjá, orí rẹ̀ ń wálẹ̀ sí i. Nígbà tí ìsọ̀rí àkọ́kọ́ jáde wá gba okùn, mo mú ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń gbọ́ àyà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi lé ikùn ẹṣin mi. Ikùn ẹṣin tí ara rẹ̀ dá máa ń pariwo bí ọjà. Tirẹ̀ dákẹ́ bí iléèwé nígbà ọlidé. Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́sí ló di okùn mú.

“Sà,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà?”

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó máa mú un rìn, mo padà sínú lábù.

Dókítà dé lẹ́yìn tí ìdánwò parí. Ó ti rọ́bà gígùn gba ihò imú ẹṣin wọ inú rẹ̀, ó ń da omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ó ń fà á jáde. Gàrí tó ti wú ń tú sílẹ̀ sórí koríko pápá. Ó da òróró sí i lẹ́yìn náà, ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mo ti kó èyí tí mo lè kó. Èyí tó ti sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ mi ò tó o mọ́. Tó bá yàgbẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹ ti bọ́. Tí kò bá yà á, ẹ pè mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́jú ni mo máa wá ṣe.”

A rìn padà sílé. Ìròyìn ti ṣáájú wa dé àdúgbò. Ó ti di àwàdà pé ìyá ìyàwó Tíṣà ti fún orogún ọmọ rẹ̀ ní májèlé jẹ. Lọ́jọ́ mìíràn, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ibùso, ìyàwó mi ní kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu látàárọ̀.

“Ọkọ wa, ẹ má purọ́ fún mi mọ́. Gàrí yẹn ni, àbí?”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Òun ni, Màmá.”

Ó mi orí. “Mo rí i tó ń jẹ koríko lójoojúmọ́. Mo ní ebi ni.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìfẹ́ ló fi fún un. Tó bá jẹ́ ìkà ni, ǹ bá rí ẹni bá jà. A jókòó síbẹ̀, a ń wo ìdí ẹṣin. Màmá ń gbàdúrà tirẹ̀, mò ń gba tèmi, odidi bàbá tó kàwé, tó ní sátífíkéètì lára ògiri, tó ń bẹ Ọlọ́run fún ìgbẹ́. Ilẹ̀ ṣú, kò sí nǹkan kan. Mo tún gbọ́ ikùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo wá nọ́ńbà dókítà sójú fóònù sílẹ̀ de òwúrọ̀, n ò sì mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ níbi tí mo jókòó sí.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀, ilẹ̀ ti mọ́, ìró ìyàwó mi wà lára mi. Inú ibùso dákẹ́. Mo fò dìde, mo sáré wọlé, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀. Ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀ gbàà, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àná, nínú nǹkan rírọ̀ kan tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó lẹ̀ mọ́ mi lára, tó pọ̀, tó rùn. Mo bù ú wò. Gàrí wà nínú ẹ̀.

Màmá gbọ́ ariwo ìṣubú mi. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí mi gbalaja nílẹ̀, ó kó ọwọ́ lérí. “Yéè! Ó ti kú!” Mo nawọ́ sí ẹṣin, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Ẹṣin na ọrùn láti kọ̀rọ̀, ó gbóòórùn iwájú orí mi, ó yán.

Màmá wò ó. Ó wò mí. Ó wá wo ohun tí mo dùbúlẹ̀ sí.

“Ọkọ wa, ẹ má dìde o,” ó ní, ó ti ń sáré lọ sínú ilé. “Ẹ jẹ́ n pe ìyàwó yín, kó wá wo ohun tí orogún ẹ̀ fi yín ṣe!”