Ìwé Tí Mo Fi Han Ọ̀rẹ́ Mi

Òórùn kóòtù tí yìnyín rin gbingbin, tó dà pọ̀ mọ́ ti kọfí, ló máa ń kí èèyàn ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Whitby, nítòsí Toronto ní Kánádà. Ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìtàn kíkọ ní gbogbo Sátidé. Ìwọ náà mọ àwọn ọmọ ibí. Bí o bá fún wọn ní ìwé kà, òkè àjà ni wọ́n á máa wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo fídíò oníṣẹ́jú kan: màá pa ohùn rẹ̀, a ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, màá wá ní kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí fídíò náà tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ló jókòó sínú mọ́tò nínú fídíò náà, kò sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá Yorùbá mi lóhùn, kọ ojú ìwé mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ló kọ nípa rẹ̀: bí ó ṣe máa ń ti ibi iṣẹ́ òru ní Toronto dé láàárọ̀, tí á sunkún nínú mọ́tò, tí á nu ojú, kó tó wọlé wá bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ náà pé èmi nìkan ni màá ka ohun tí wọ́n bá kọ. Ṣùgbọ́n orí mi wú. Mo fi han ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Wo nǹkan tí ọmọ yìí kọ! Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Kò sọ ọ́ lóòótọ́. Fọ́tò rẹ̀ ló yà, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá ọmọ náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún kúnlẹ̀ kí mi, èyí tó dùn mí jù. "Auntie, ẹ ṣeun. Ọmọ mi ò ní wá mọ́. Ẹkún mi kì í ṣe homework, ma."

Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ó wò mí. "You said it was just you."

Ojú tì mí, inú sì bí mi gidigidi. Nígbà tí mo kojú ọ̀rẹ́ mi, ẹnu yà á. "Ah-ah, ìyá ẹ̀ ni now! Tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ńkọ́, ṣé o ò ní fẹ́ mọ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwa méjèèjì: àgbàlagbà tó bá mọ ọ̀rọ̀ ọmọ, tí kò sọ fún òbí rẹ̀, òun ló jẹ̀bi. Síbẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni mo pè é lójúkojú, àárín wa kò sì tíì gún títí dòní.

Mo ṣì ń lo fídíò, ṣùgbọ́n n kì í gba ìwé lọ́wọ́ wọn mọ́. Kálukú ń gbé tirẹ̀ lọ sílé. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ni mo ti sọ fún pé ọ̀rẹ́ mi dalẹ̀ mi, ó sì dalẹ̀ mi lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ yẹn ò bá ọ̀rẹ́ mi ṣe àdéhùn kankan. Èmi ló bá ṣe é.