Àáró Tí Ìyá Táyọ̀ Gbé Wọ Yàrá Aláìsàn

Láti ọwọ́ Fúnmiláyọ̀ aránṣọ, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò rẹ̀ ní Orin-Èkìtì

Ó dìgbà o, Ìyá Táyọ̀, obìnrin tí kì í tọrọ àyè kó tó ṣe rere. Ikú mú ọ lọ, ó sì dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n bí ikú bá rò pé òun ti kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́ ọ lọ, irọ́ ló pa. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri ní Orin, wọ́n sọ ọ́ dé Ìdó, pé àáró wa ti bá ọ lọ sí sàréè. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn lójú rẹ, kí wọ́n tó gbé ọ wọlẹ̀.

Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ má bínú pé mò ń pe àgbàlagbà ní ìwọ. Òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ fún un pé "Ẹ jókòó," á wo ẹ̀yìn wò, á ní òun àti ta ni. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé ló fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe sọ ọ́ títí dópin. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ ohun tí àáró jẹ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ ni wá níbí. Bí koríko bá fẹ́ bo oko, èmi á bá ọ ro tìrẹ lónìí, ìwọ náà á wá bá mi ro tèmi lọ́jọ́ mìíràn, a ò ní gbowó lọ́wọ́ ara wa. Ohun tí Ìyá Táyọ̀ ṣe ni pé ó gbé àáró kúrò lóko ẹ̀gẹ́, ó gbé e wọ yàrá tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ló jẹ́ kí n mọ àáró yìí. Awakọ̀ ni Olú, Ìfàkì sí Adó ló ń ná, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gbé e lulẹ̀. Ọkùnrin tó tóbi jù mí lọ ni mo wá ń dá gbé dìde. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń fún un lóúnjẹ, mo ń yí i padà kí ara rẹ̀ má bàa bó, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá dá páropáro sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn ń wá kí wa, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ní Olúwa á wò ó sàn. Èmi á wá àga, èmi á gbé omi, èmi á tún sìn wọ́n dé ojú títì. Bí wọ́n bá fi máa lọ tán, ó ti rẹ̀ mí ju bí wọ́n ṣe bá mi lọ.

Ìwọ lo kọ́kọ́ wọlé tó jẹ́ pé èmi lo wò, kì í ṣe aláìsàn. Mo gbé omi wá, o ní kí n gbé e padà. O ní, "Mo ti mu omi n'ulé. Lọ wẹ̀, kó o jáde, má sì tètè dé." N kò tilẹ̀ mọ ibi tí mo fẹ́ lọ. Mo kàn rìn dé ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì sùn lọ lórí aṣọ oníbàárà. Nígbà tí mo délé, o ti fọ aṣọ ibùsùn, o ń sọ ìwà ìpáǹle tí bàbá Olú hù nígbà èwe fún un, Olú sì ń fi ẹnu rẹ̀ tó wọ́ rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé.

Mo fẹ́ máa dúpẹ́, o ní ọpẹ́ kọ́ lo wá gbà. Ní Ifisin tó múlé tì wá, Bọ́lá tó ń fún epo pupa ń dá tọ́jú ìyá rẹ̀ tí iyè rẹ̀ ti ra, ìyá tó lè ṣílẹ̀kùn kó sì rìn wọ igbó bí a bá fojú fò ó. O ní kí n lọ jókòó tì í lọ́jọ́ Ẹtì kí ọmọ rẹ̀ lè fún epo. "Uṣẹ́ àáró ni, kì í ṣe àánú." Bí mo ṣe bọ́ sínú rẹ̀ nìyẹn. Àwa aránṣọ, àwa àgbẹ̀, tíṣà, ọlọ́kadà tó ń gbé wa kiri, títí dé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Ọ̀yẹ́ tí wọn kò gbọ́ èdè wa, o kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde láìṣe é léṣe.

Wọn kò sì fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ mi pe ìpàdé. Wọ́n ní àbùkù ni kí ará ìta máa rí ìhòhò ọmọ àwọn, àti pé èmi tí mo fẹ́ ọkọ ni kí n tọ́jú ọkọ. Ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò pè wá síbẹ̀ lo kúnlẹ̀, o kí wọn dáadáa, o ní, "Uṣẹ́ wà n'ulé, ẹ̀yin baba mi, ọ̀rọ̀ yín sì dára. Ọjọ́ wo ni kálukú yín á wá wẹ̀ ẹ́?" Ẹnì kan ń wo inú fìlà rẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ mi, ẹni tó le jù nínú wọn, ní òun lè máa wá lọ́jọ́ ọjà. Ó ń wá títí dòní, òun ló ń fá irùngbọ̀n Olú. Àwọn yòókù tó pariwo àbùkù kò tíì gbé omi ìwẹ̀ kan rí.

N kò ní sọ ọ́ di áńgẹ́lì, o ò ní gbà. Ẹnu rẹ mú. O lé obìnrin kan jáde nítorí ó ń pariwo àdúrà lórí aláìsàn tó fẹ́ sùn, o ní Ọlọ́run kò dití. Nígbà tí àìsàn kan ìwọ alára, Táyọ̀ ọmọ rẹ ní kí o wá sí Èkó, o kọ̀ jálẹ̀, o ní àáró rẹ ti wà lọ́rùn wa. A wẹ̀ ọ́, o sì ń bá wa jà pé omi kò gbóná tó.

Nígbà tí o wá lọ, àwọn àgbà ẹbí rẹ ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ pé síbi ìsìnkú, kí àáró dúró ná. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kú, kí kálukú máa tọ́jú tirẹ̀. Mo ní rárá. Nígbà kan tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́, o sọ fún mi pé o kò rí òkú ìyá tó bí ọ. Ìkọ̀lé ni wọ́n sin ín sí. Ìwọ wà ní Orin níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ tí kò lè dá yí ara padà, kò sì sẹ́ni tó ní òun á bá ọ dúró tì í. Lẹ́nu ẹni tó gbé oúnjẹ òkú wá fún ọ lo ti gbọ́ pé wọ́n ti sin ín tán. O ní torí ẹ̀ lo ṣe bẹ̀rẹ̀ àáró, kó má tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣé níbi òkú tìrẹ gan-an ló wá yẹ kó ti ṣẹlẹ̀?

Nítorí náà, ẹ má wá mi. Bí ẹ ti ń ka ìwé yìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ifisin ni mo wà, lọ́dọ̀ ìyá Bọ́lá. Bọ́lá ló jókòó sí àyè mi, òun ni yóò bu yẹ̀pẹ̀ tó yẹ kí n bù. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Olú wà láàárín yín lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń tì í. Ẹni tó bá sì fẹ́ bu ọlá fún òkú yìí, kó wá gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ wa.

Sùn re o, ìyá mi, ọ̀rẹ́ mi. Má dìde wá wo àwọn aláìsàn wa. Èèyàn wà lọ́dọ̀ wọn.