Bí Mo Ṣe Sọ Baba Ńlá Marcus Di Ọmọ Ọba

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Salford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, ní Sátidé tó kọjá. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí!

Ẹ mọ̀ mí ná. Tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ní hospital, ìtàn àwọn ọmọ ogun dúdú ayé àtijọ́ ni mò ń wá kiri. Mi ò kà á ní yunifásítì o, ìfẹ́ ló kọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí Marcus, ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́, fi ní kí n ṣe agbẹnusọ fún ìdílé òun. Ọmọ Yorùbá ni Tèmi tó fẹ́ fẹ́. Rusholme, ní Manchester níbí, ni wọ́n bí Marcus sí ní tirẹ̀, ìyá rẹ̀ àgbà, Grandma Pearl, nìkan ló sì ṣẹ́ kù fún un. Ta ló máa bá a sọ Yorùbá níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́? Èmi náà ni!

Grandma ti sọ ìtàn baba ńlá wọn fún mi. Wọ́n bí i sóko ẹrú ní Amẹ́ríkà, òwú ló ń ká. Nígbà ogun abẹ́lé wọn, ó sá kúrò lóko, ó di ọmọ ogun, ó wọ kóòtù búlúù, ó gbé ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ogun parí, ó wọkọ̀ ojú omi wá sí Manchester, ó ń ru òwú nílé ìkẹ́rùsí. Ẹ gbọ́ mi o: òwú tó ti ń ká lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ló wá ń rù gba owó ọ̀sẹ̀! Títí dórí ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń fa ẹrù náà ni mo mọ̀. Grandma ní kí n ṣáà sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí.

Àwa àti Grandma délé àwọn Tèmi, èmi àti Marcus dọ̀bálẹ̀. Daddy Tèmi, ará Ìjẹ̀bú, bi mí pé irú ìdílé wo ni ọkọ ìyàwó ti wá. Mo fi ìdùnnú bẹ̀rẹ̀: "Sà, ẹrú ni baba ńlá wọn..."

"Ẹrú kẹ̀?" ni Daddy Tèmi wí.

Àǹtí Tèmi kan pòṣé.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí nílé wa. Tí wọ́n bá ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fún ọkọ, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn? Mo wo Marcus, òógùn ti bò ó. Ni mo bá ní ẹ má bínú sà, àṣìsọ ni. Mo ní ọmọ ọba ni baba náà, ọ̀gágun tó ń gẹṣin, òun ló sì ni ilé ìkẹ́rùsí kan ní Manchester níbí! Gbogbo ilé ní "Ẹ̀n-ẹ́n!" Èmi tí mo máa ń bá yín jà tí bọ́tìnnì kóòtù ọmọ ogun kan ṣoṣo ò bá bá ìtàn mu!

Grandma ò gbọ́ Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí lóyìnbó pé ṣé mo ti sọ ti òwú tó ń rù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tèmi wò mí títí. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Grandma, ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí i létí, àtọba àtẹṣin.

Ẹ̀rín kúrò lójú màmá. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde. Ó ní ẹrú ni baba ńlá òun, ó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó jagun, ó ru òwú títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Òun ò wá síbí láti yá baba ẹlòmíràn lò. Tèmi ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀.

Daddy Tèmi yíjú sí mi. "Ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn gún mi létí, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ lo fẹ́ fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi? Lọ jókòó sẹ́yìn, jàre."

Wọ́n gbé àga wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Grandma, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí oko òwú. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó parí, Daddy Tèmi ké sí inú kíṣìnì: "Ẹ gbé oúnjẹ wá fún àna mi!"

Marcus bú sẹ́kún. Èmi ò lè gbójú sókè.

Mo rò pé àṣírí wọn ni mò ń bò. Irọ́ ni! Wọn ò ní ìtìjú kankan lórí ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo gbé ìtìjú ara mi lọ dì mọ́ ọkùnrin tó ti jagun tán, tó ti ṣiṣẹ́ tán. Ẹ̀yin ará, tí wọ́n bá fi ìtàn ìdílé wọn lé yín lọ́wọ́, ẹ má tún un ṣe fún wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti purọ́ bò rí, tí kò sì sọ pé kí ẹ bo òun? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.