Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Bébà Funfun

Inú fóònù ni Marlene Gorton ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí yìnyín bo títì ìlú Leigh débi pé bọ́ọ̀sì kankan kò rìn lọ sí ọsibítù. Ó ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tán, ó ti di ìborùn, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Neville ń mí ní òdìkejì bí ẹni tó ń ru ẹrù gun àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta á jáde, á sinmi, ọ̀rọ̀ méjì á tún jáde.

“Ọmọge,” ló ní, nítorí bó ṣe ń pè é nìyẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún, kò sì yí i padà títí tí irun rẹ̀ fi funfun. “Àwọn ọkùnrin tó ń kọ lẹ́tà sí mi yẹn. Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀. Ṣí bébà yẹn kúrò lára àwo orin obìnrin yẹn. Orúkọ ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ti fò lọ lórí mi, mi ò rántí ẹ̀ mọ́. Orúkọ mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì. Fún wọn. Kí wọ́n máa fi orúkọ ẹ̀ pè é. Mo ti fìyà jẹ ẹ́ tó.”

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí Marlene sọ níbẹ̀ yẹn. Ó ti wà nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó la ẹnu, ó gbọ́ bí èémí ọkọ rẹ̀ ṣe ń ha lọ ha bọ̀, ó ní, “Ó dáa. Màá ṣe é.”

Neville ní kó má gbàgbé oúnjẹ ológbò. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, nọ́ọ̀sì kan pe Marlene.

Ilé iṣẹ́ òwú ni Neville ti ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ibẹ̀ náà ló sì ti fa eruku òwú sínú ẹ̀dọ̀fóró títí tó fi pa á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn tó ti dàgbà ní Leigh, ní Wigan, ní Bolton, ẹni tí Neville Gorton jẹ́, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ òwú. Ọ̀gá àwo orin ni wọ́n máa pè é. Tó bá di Sátidé, á kó àwo sínú àpótí onírin, á gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ijó. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ti kọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí kò tà rárá ní ìlú tí wọ́n ti kọ ọ́. Sóòlù la ń pè é. Orin tí àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ òwú wa ń jó títí ìsàlẹ̀ bàtà wọn fi ń lu. Bí àwo bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni iyì ẹni tó ń lò ó ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá àwo fi máa ń lẹ bébà funfun mọ́ àárín àwo wọn, tí wọ́n á kọ orúkọ mìíràn sórí rẹ̀, orúkọ olórin tí kò sí láyé, kí ẹlòmíì má bàa mọ ohun tó máa lọ wá rà. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí irọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ní ọdún 1974, Neville rí àwo kan nínú páálí kan tó ti Philadelphia wá. Kì í ṣe àwo tí wọ́n tẹ̀ fún títà. Ọ̀kan ṣoṣo ni, èyí tí wọ́n gé ní ibi tí wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀, kí olórin lè gbé e lọ sílé lọ gbọ́ ara rẹ̀. Irin ló wà nínú, ohun dúdú kan tó rọ̀ bí ìda ni wọ́n fi bò ó. Ẹnìkan ti fi yíǹkì búlúù kọ orúkọ sí àárín rẹ̀. Obìnrin ló ń kọrin níbẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ, ó ń bẹ ẹnìkan pé kó má kan ilẹ̀kùn òun mọ́, gbogbo ẹni tó sì gbọ́ ohùn náà ló mọ̀ pé bí ẹni yẹn bá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, á ṣí i. Marlene gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọwọ́ nínú omi ìfọbọ́, omi náà tutù kó tó rántí pé òun ń fọ nǹkan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Neville ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kí Marlene bá òun lẹ bébà mọ́ ọn, kó sì kọ orúkọ tó bá wù ú sí i. Ẹ rántí pé ọ̀dọ́ ni Marlene nígbà náà, wọn kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣègbéyàwó, ó sì fẹ́ kí ọkọ òun rí i pé òun náà gbọ́n. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló gbọ́ nílé oníbúrẹ́dì pé ọ̀gá àwo kan ní Wigan ti ń gbé àwo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sórí ooru omi gbígbóná, á ṣí bébà, á ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, á sì lẹ̀ ẹ́ padà bíi pé kò sí nǹkan kan. Marlene ní, kí ló wá lè kà bí kò bá sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀? Ó mú ọ̀bẹ tó fi ń bó ànàmọ́. Ó ha orúkọ náà kúrò, díẹ̀díẹ̀, yípo yípo, títí tí búlúù kankan kò fi ṣẹ́kù lójú tirẹ̀. Ó fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Kò kà á. Ó ti kúrò nílé ìwé tipẹ́, ìwé kíkà sì jẹ́ ìyà fún un nígbà náà, lẹ́tà máa ń fò lójú rẹ̀ bí eégbọn. Ó po fúláwà mọ́ omi, ó lẹ bébà funfun mọ́ ọn.

Orúkọ tó máa kọ ló kù. Ó wo tábìlì, ó rí ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ẹni mímọ́ kan wà níbẹ̀: Bernadine. Ó wo fèrèsé, yìnyín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí a ń pè ní frost ti bo gíláàsì. Bernadine Frost. Ó fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ yọ jáde.

Nígbà tí Neville dé ní ìrọ̀lẹ́, ó yẹ àwo náà wò, ó rẹ́rìn-ín orúkọ náà títí. Ó ti kù díẹ̀ kí Marlene fọ́nnu nípa ọ̀bẹ ànàmọ́ rẹ̀, ni Neville bá sọ pé lọ́jọ́ tí àwọn bá jẹ adùn orin yìí tán, òun á ṣí bébà yẹn, òun á kọ̀wé sí obìnrin náà ní Amẹ́ríkà pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń jó orin rẹ̀ ní Lancashire. Marlene gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Neville kó orin méjìlá jọ sórí àwo ńlá kan, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ àwo, wọ́n tẹ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀, gbogbo orúkọ olórin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni irọ́. Orin obìnrin náà ló ṣe ìkejìlá. Lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn ni Neville ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ni òun máa kọ lẹ́tà yẹn. Neville ṣì rántí orúkọ náà nígbà náà. Marlene ì bá kàn sọ pé, “Kí lorúkọ ẹ̀ gan-an?” kó sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bèèrè ni wọ́n máa bi pé kí ló dé tó ń bèèrè.

Àwọn ọkùnrin náà dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n gbé páì ẹran lọ́wọ́. Desmond Rigby ló ga, ó ti fi ogójì ọdún pín lẹ́tà kiri Stoke. Keith Lomax ló sanra, oníṣẹ́ òrùlé ni. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń wá ẹni tó ṣe àwo ńlá yẹn, tí wọ́n sì ń tú orúkọ irọ́ ara rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ti tú. Ìkejìlá ló kù.

“Ẹ kú ìrọ́jú, ọ̀wọ́n,” Desmond ní, ó sì ń wá ibi tó máa fi fìlà rẹ̀ sí.

Keith kò tíì jókòó. Ó ṣàlàyé pé lẹ́tà méjì péré ni ohun tí àwọn rí dì mú, èyí tí wọ́n fi nǹkan ṣóńṣó kọ sára àwo náà lẹ́bàá ihò àárín: M.G. “Ẹ̀yin ni?”

“Èmi ni. Neville ló kọ ọ́ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Inú ọkọ̀ ni mo wà, mò ń jẹ ànàmọ́ díndín.”

“Ọ̀gá ọlọ́ṣà kan la rò pé ó ni ín. A yọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Malcolm Grundy lẹ́nu ní Oldham fún ọdún méjì. Kò tiẹ̀ fẹ́ràn orin.”

“Wọ́n ti pè mí ní nǹkan tó burú ju ọlọ́ṣà lọ,” Marlene ní, ó sì bu tíì fún wọn.

Ó yẹ kó sọ ọ́ fún wọn kí omi tó hó. Kò sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí Neville ti kú, ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọ̀bẹ náà kò mú tó bí òun ṣe rò. Bóyá ojú òun ló tàn òun jẹ. Ẹni tí kò lè kàwé, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́? Ó gbé àwo Philadelphia náà jáde láti abẹ́ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lé Desmond lọ́wọ́, ó sì dì mọ́ etí tábìlì.

Desmond gbé e sórí ooru kẹ́tù. Bébà náà ká sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí awọ tó máa ń wà lójú mílíìkì gbígbóná, ó ṣí kúrò láìfàya. Ibi pálapàla aláwọ̀ ilẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ipa ọ̀bẹ lótùn-ún lósì. Ní igun kan, ìlà búlúù kan wà níbẹ̀ tí kò gùn ju irun ìpéǹpéjú lọ.

Keith ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni.”

Ó sọ ọ́ fún wọn, gbogbo rẹ̀, ilé oníbúrẹ́dì, ọ̀bẹ, fúláwà. Wọn kò dá a dúró. Nígbà tó parí, Keith bi í pé ṣé kò tiẹ̀ kà á rárá, kódà lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó ní òun kàn ń ha á ni.

“Bernadine Frost ńkọ́?”

“Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí ti àkọ́kọ́. Ojú fèrèsé ni mo ti rí èkejì.”

Keith jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù, àga Neville. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti lọ sí Amẹ́ríkà nítorí orúkọ yẹn, ìyàwó òun kò sì bá òun sọ̀rọ̀ fún oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta. “Mo rí i. Ní Detroit. Bernadine Frost, ó kú ní 1969. Mo ra òdòdó. Mo kúnlẹ̀ níbi sàréè ẹ̀, eékún tó ń dùn mí yìí, mo bá a sọ̀rọ̀.”

“Kí lẹ sọ fún un?”

“Mo ní a dúpẹ́.”

“Ta wá ni obìnrin yẹn?”

“Ọlọ́run ló mọ̀. Bóyá ó ń ta bàtà.” Keith bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà láàárín ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ojú. Desmond fi tíì rẹ̀ sún mọ́ ọn lórí tábìlì. Marlene kò mọ ibi tó máa wò.

Wọ́n gbìyànjú láti gbọ́ àwo náà fúnra rẹ̀, bóyá ẹnìkan sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, bóyá wọ́n pe olórin lórúkọ kí ìlù tó wọlé. Ṣùgbọ́n ohun dúdú náà ti ń ṣí kúrò lára irin bí ọ̀dà ògiri àtijọ́. Abẹ́rẹ́ fò láti etí dé àárín, ariwo ha-ha nìkan ló mú jáde. Desmond gbé e kúrò kíá. Ó wá fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo ìlà búlúù náà, ó yà á sínú ìwé rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, bíi pé àdírẹ́sì tí òjò pa ni. Ó ní ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ M. Ó tún ní ó lè jẹ́ ìparí ohunkóhun.

Marlene bèèrè bóyá obìnrin náà ṣì lè wà láàyè.

“Á ti lé ní ọgọ́rin ọdún,” Desmond ní. “Ó ṣeé ṣe.”

“Ṣé ó mọ̀ pé à ń jó orin òun?”

“Ta ló máa sọ fún un, ọ̀wọ́n?”

Lẹ́nu ọ̀nà, Keith dúró. Kò bínú mọ́, ì bá sàn kó bínú. Ó bi í pé ṣé Neville kú láì mọ̀.

“Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní orúkọ mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì, ó ní kí n fún yín. Mo ní ó dáa.”

Keith mi orí. Ó fọwọ́ kan igi ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ lé Desmond lọ sínú ọkọ̀. Páì náà wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó gé e.

Marlene ṣì máa ń fi àwo ńlá yẹn sórí ẹ̀rọ, àwo tí Neville kọ M.G. sí lára. Obìnrin náà á bẹ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Neville kò gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ síbì kan rí. Nígbà míì, Marlene á mú ọ̀bẹ ànàmọ́, á gbé e yípo lórí tábìlì bó ṣe gbé e nígbà yẹn, á di ojú, á máa retí kí ọwọ́ rántí ohun tí ojú kò kà. Ọwọ́ kò rántí nǹkan kan.

Ní ìgbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, Desmond fi ìwé tí àwọn méjèèjì kọ nípa àwo náà ránṣẹ́ sí i. Marlene fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè wálẹ̀, ó ti ń kàwé díẹ̀díẹ̀ báyìí. Orin mọ́kànlá ní orúkọ olórin tòótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti ìlú tí wọ́n ti wá. Ní ẹ̀gbẹ́ ìkejìlá, àlàfo ló wà níbẹ̀. Wọn kò tíì rí orúkọ obìnrin náà.